Ẹ̀fẹ̀ Gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n Ọ̀rọ̀: Èdè-Ìperí fún Eré Orí Ẹ̀rọ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ti Ìkàrẹ́ ń lọ sí Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, yóò gba Àkùngbá kọjá. Òkè olókùúta ni ó yí ọ̀nà náà ká. Ní Àkùngbá ni Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin wà. Ọdún 1999 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, lójú ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ni eré méjì ti ń pàdé: ayò ọlọ́pọ́n tí àwọn àgbà ń ta lábẹ́ igi àti lójúde, àti eré orí fóònù tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe nínú yàrá àti nínú ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní géèmù.

Àwọn eléré méjèèjì jọ ara wọn ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Wọ́n ń fi ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n ń lérí, wọ́n sì máa ń dá ìṣòro tí ẹnikẹ́ni kò dá fún wọn sílẹ̀, kí ayé lè mọ̀ pé ọwọ́ wọn dá. Èdè ni ó yà wọ́n. Ẹni tí ń ta ayò ní ọ̀rọ̀ Yorùbá fún gbogbo ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọpọ́n. Ẹni tí ń ṣe géèmù kì í sábà ní ju ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, àfi bí ó bá fẹ́ fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà náà ni Yorùbá a dé. Nínú àkíyèsí kékeré yìí ni ẹ̀kọ́ ńlá wà fún àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀: ẹnu ẹlẹ́fẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wá ọ̀rọ̀ sí, kí wọ́n tó fi kálámù lé ìwé.

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun tuntun láàrin Yorùbá. Ní 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6 gbáko. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ní 1990 ni ìwé kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀nà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kò pọ̀: a lè so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, a lè fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú, a lè yá ọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀ka-èdè tàbí láti inú èdè mìíràn, a sì lè ṣe àpèjúwe. Bí ọ̀rọ̀ bá kan eré, ọ̀nà kejì ni ó lérè jù, nítorí pé Yorùbá ti ń ṣeré tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Èdè Ojú Ọpọ́n

Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n ayò, 6 níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 48 ni a fi ń ta á, 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó kàn yóò kó gbogbo ọmọ inú ihò kan ní ìhà tirẹ̀, yóò sì máa fi wọ́n sínú àwọn ihò tí ó tẹ̀lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ìhà ẹnìkejì, tí ó sì sọ iye ọmọ inú ihò náà di 2 tàbí 3, ó jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹni tí ó bá jẹ ju 24 lọ ni ó borí.

Òfin yìí kúrú, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń bí kò kúrú. Ní 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Vrije ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, kó ẹ̀rọ ìṣirò 144 pọ̀ láti yẹ gbogbo ipò tí ó lè wáyé wò nínú Awari, eré tí òfin rẹ̀ bá ti ayò mu. Wákàtí 51 ni àwọn ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́. Ipò 889,063,398,406 ni wọ́n kà. Àbọ̀ tí wọ́n mú wá ni pé bí àwọn méjì tí kì í ṣì í ta bá pàdé, ọ̀mì ni yóò jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà, ọ̀mì, yẹ fún àkíyèsí. Ọ̀rọ̀ onítayò ni. Lónìí, bí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù méjì bá gbá 1 sí 1, asọ̀ròyìn orí rédíò yóò sọ pé wọ́n gbá ọ̀mì. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ó jókòó láti pinnu pé kí ọ̀rọ̀ yìí kúrò lórí ọpọ́n lọ sí orí pápá. Òǹwòran ayò ni òǹwòran bọ́ọ̀lù; ohun tí ó mọ̀ lẹ́nu níbìkan ni ó gbé lọ sí ibòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀ta àti ọ̀pẹ. Ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta. Ọ̀pẹ ni ẹni tí a ń jẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe orúkọ lásán, ohun ìjà ẹnu ni wọ́n. Ọ̀ta lè bi ọ̀pẹ léèrè bóyá ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni ó wà. Ó lè ní kí àwọn ọmọdé má wòran mọ́, kí wọ́n má baà kọ́ ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ bínú. Bí ó bá bínú, ó ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn òǹwòran náà kì í dákẹ́. Wọ́n á máa gbà á nímọ̀ràn tí kò bèèrè, wọ́n á sì tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí ó bá gba ìmọ̀ràn náà.

Eré Àfọwọ́fà

Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Ìkàrẹ́ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀kà, lọ kí bàbá ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi. Ó bá bàbá nídìí ọpọ́n, níbi tí ó ti ń dúró de ẹni tí yóò bá a ta. Akẹ́kọ̀ọ́ jókòó tì í, ó yọ fóònù, ó ń ṣe eré kan tí jagunjagun inú rẹ̀ ní idà, ọfà àti apata, ṣùgbọ́n tí kò lo ọ̀kankan. Bàbá na ọrùn wò ó.

“Kí ní dé tí ọkùnrin rẹ yìí ń sá kiri? Ṣé kò ní ohun ìjà ni?”

“Ó ní, Bàbá. Èmi ni mo pinnu pé n kò ní í lò ó títí n ó fi parí eré náà.”

“Ta ni ó ní kí o má lò ó?”

“Kò sí ẹnì kan, Bàbá.”

“Èló ni wọn yóò fún ọ?”

“Wọn kò ní í fún mi ní kọ́bọ̀.”

“Àfọwọ́fà nìyẹn! Ẹni tí ó ní idà, tí ó wá ń fi ẹ̀ṣẹ́ lé ẹkùn.”

“Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ̀yin náà sọ fún wa níjọ́sí pé ẹ kọ̀yìn sí ọpọ́n, tí ẹ sì ń pe ihò tí wọn yóò bá yín kó.”

“Ìyẹn yàtọ̀. Ọ̀pẹ kan ni mo fẹ́ fi han ara rẹ̀.”

Kò yàtọ̀ rárá. Ohun kan náà ni bàbá àti ọmọ ń ṣe: ẹni tí eré ti rọ̀ jù fún fi okùn de ara rẹ̀ lọ́wọ́, kí eré náà lè tún le. Ní gbogbo àgbáyé ni àwọn tí ń ṣe géèmù ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń parí eré láìjẹ́ kí ọ̀tá kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn ń sáré parí rẹ̀: Super Mario Bros., tí ó jáde ní 1985, ni àwọn ọ̀ta rẹ̀ ti ń parí láàrin ohun tí kò tó ìṣẹ́jú 5 báyìí.

Bí a bá wá orúkọ fún àṣà yìí, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lọ́kàn ni ìpèníjà. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò bá a mu dé ìdí. Kí ìpèníjà tó wà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pe ẹlòmíràn níjà. Àpẹẹrẹ rere ni Túndé Onakoya, ẹni tí ó jókòó ti ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì ní gbàgede Times Square ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tí ó sì ta á fún wákàtí 60, láti wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ó padà síbẹ̀, ó ta á fún wákàtí 64. Àṣeyọrí tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe ṣáájú ni ó ń pè é níjà. Ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ idà sílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pè é. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fa wàhálà, nítorí náà eré àfọwọ́fà ni a lè pè é. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ni a fẹ̀ lójú. Ẹ̀rín sì ti wà nínú rẹ̀ kí ó tó dé orí fóònù.

Ní ti èyí tí a ń sá parí, èdè Yorùbá ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohùn kan náà ni a fi ń pe eré tí ọmọdé ń ṣe àti eré tí ẹlẹ́sẹ̀ yíyá ń sá: a ń ṣeré, a sì ń sáré. Ẹni tí ó bá ń sáré nínú eré ti ṣe méjèèjì pọ̀. Eré àsáparí ni ó yẹ kí ó jẹ́.

Àbíkú, Àkúdàáyà tàbí Àtúnwá?

Ibi tí ẹ̀fẹ̀ ti lè ṣini lọ́nà náà wà. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, bí akíkanjú inú rẹ̀ bá kú, yóò tún dìde ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì tún lọ sí ibi tí ó kú sí láti tún kú. Ẹnu ẹlẹ́fẹ̀ kò ní í jìnnà sí ọ̀rọ̀ méjì: àkúdàáyà àti àbíkú. Bí a bá yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, àkúdàáyà kò bá a mu. Ẹni tí ó kú ní ìlú kan tí wọ́n sì rí i láàyè ní ìlú mìíràn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ pé ó ti kú, ni àkúdàáyà. Bí ará ilé rẹ̀ bá sì dé ibẹ̀, yóò pòórá. Akíkanjú inú géèmù kì í sá fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ẹni tí ó pa á náà ni ó ń padà sí.

Àbíkú ni ó sún mọ́ ọn jù: ọ̀dọ̀ ìyá kan náà ni ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtumọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ ní. Ó ní ìrántí pẹ̀lú. Ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà wà tí orúkọ wọn ṣì jẹ́ Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́ tàbí Dúrójayé, nítorí pé ìyá wọn ti sin ọmọ kí ó tó bí wọn. Ọ̀rẹ́ lè fi àbíkú ṣe ẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ nínú yàrá. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a tẹ̀ ẹ́ sí ojú eré tí ìyá àgbà kan lè bá lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àjíǹde wúwo lọ́nà mìíràn, nítorí pé mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti gbà á fún ohun tí ó ju eré lọ. Ohun tí ó kù ni àtúnwá, tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Òfin tí ó jáde láti inú èyí ni pé ẹ̀fẹ̀ ni ó ń wá ọ̀rọ̀ rí, àánú ni ó ń yàn nínú wọn.

Aládàáṣe

Bí àwọn kan ti ń fi ọwọ́ ara wọn fa ìṣòro nínú ṣíṣe eré, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń fà á nínú dídá eré sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá a máa kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn jọ láti ṣe géèmù kan: ayàwòrán, olórin, òǹkọ̀tàn, àti àwọn tí ń kọ ìlànà tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀lé. Síbẹ̀, ẹnì kan wà tí yóò sọ pé òun nìkan ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀. Ní 1984, Alexey Pajitnov nìkan ni ó kọ Tetris àkọ́kọ́ ní Moscow. Eric Barone, ní Amẹ́ríkà, lo ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ní òun nìkan lórí Stardew Valley, eré àgbẹ̀ kan tí ó jáde ní 2016. Òun ni ó yàwòrán rẹ̀, òun ni ó kọ orin rẹ̀. Àgbẹ̀ Àkókó tí ó bá gbọ́ pé ẹnì kan fi ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ dáko tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ ohun tí ó so níbẹ̀ yóò ní ohun tí yóò sọ.

Nàìjíríà kò sùn nínú iṣẹ́ yìí. Abíọ́lá Ọláníran, tí ó kàwé nípa ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá ilé-iṣẹ́ Gamsole sílẹ̀ ní 2012. Ọdún kan náà ni Hugo Obi àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n sì fi ọlọ́kadà àti ẹ̀fọn ojoojúmọ́ ṣe eré.

Orúkọ tí ó yẹ ẹni tí ń dá eré sílẹ̀ ní òun nìkan ni aládàáṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu ènìyàn, ó sì ní ojú méjì. Ó lè jẹ́ ìyìn fún ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹlòmíràn. Ó sì lè jẹ́ ìbáwí fún ẹni tí kò bèèrè lọ́wọ́ àgbà kí ó tó ṣe nǹkan. Méjèèjì ni àwọn aládàáṣe fi ń ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́: òun ni ọba, òun ni ìjòyè, òun ni akéde, bí ìlú bá sì bàjẹ́, ọ̀dọ̀ òun náà ni wọn yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan sọ pé òun náà yóò di aládàáṣe, pé òun yóò gbé ayò sórí fóònù. Kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí i pé ẹ̀rọ kì í fojú inú wò ó. Bí odù, èyíinì ni ihò tí ọmọ ti kún, bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ yípo padà dé ihò tí a ti kó wọn, ṣé a óò fi ọmọ kan síbẹ̀ ni, tàbí a óò fò ó? Bí ìhà ẹnìkejì bá ṣófo, ṣé dandan ni kí a bọ́ ọ? Bí eré bá parí tí ọmọ ṣẹ́kù lójú ọpọ́n, ti ta ni? Gbogbo èyí ni a gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀rọ ní kíkún, kò sì sí nínú ìwé tí ó fi kọ́ iṣẹ́. Ó di dandan kí ó padà sí Ọ̀kà, kí ó jókòó ti bàbá, kí ó sì bi í ní ìbéèrè kan tẹ̀lé òmíràn bí ẹni tí kò ta ayò rí. Bàbá ni ó ní òfin, bàbá ni ó sì ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ òfin náà. Ènìyàn lè dá yàwòrán, ó lè dá kọrin, ó lè dá ṣe ìṣirò; ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dá ní èdè.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá eré. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá parí iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì kọ gbogbo ohun tí ó wà lójú eré náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn, bàbá tí ó kọ́ ọ ní òfin ayò yóò máa dúró de ọmọ-ọmọ rẹ̀ kí ó tó lè ta ayò tirẹ̀. Ọ̀ta ọjọ́ pípẹ́ yóò di ọ̀pẹ ní ojú ẹsẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ẹnì kan jẹ ẹ́, bí kò ṣe nítorí pé wọ́n ti ṣí orúkọ kúrò lára ohun tí ó mọ̀.

Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ fún Ìdánwò

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó jáde láti inú ohun tí a ti yẹ̀ wò:

Àfọwọ́fà: eré tí eléré fúnra rẹ̀ fi òfin tí kò sí níbẹ̀ kún, kí ó lè le.

Àsáparí: eré tí a ń ṣe láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé òpin rẹ̀.

Àìfarapa: eré tí a gbọ́dọ̀ parí láìjẹ́ kí ohunkóhun kàn wá.

Àtúnwá: ìpadàbọ̀ akíkanjú inú eré lẹ́yìn ikú.

Aládàáṣe: ẹni tí ó dá eré sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ọ̀ta, ọ̀pẹ, ọ̀mì: gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà lójú ọpọ́n, láìyí nǹkan kan padà.

Àbùkù: àṣìṣe inú ìlànà tí a kọ fún ẹ̀rọ. Àwọn kan fẹ́ pè é ní kòkòrò nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ pé kòkòrò wọ fóònù òun yóò gbé e sínú oòrùn. Àbùkù máa ń mú kí eré dá dúró. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 2023, ọmọkùnrin ọdún 13 kan ní Oklahoma ní Amẹ́ríkà ta Tetris ti Nintendo, èyí tí ó jáde ní 1989, títí ó fi dé ìpele 157, tí ẹ̀rọ náà sì dákú mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun ni ènìyàn àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ní Moscow ní 1984 ni ọmọdé kan lé dé ògiri ìlú.

Àsọkágbá

Ilẹ̀ Àkókó dára fún ìdánwò irú àwọn ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ̀ka-èdè Ìkàrẹ́ kì í ṣe ti Ọ̀kà, bẹ́ẹ̀ ni ti Àrìgìdì tí kò jìnnà sí Ìkàrẹ́ tún yàtọ̀ gédégédé. Ará ibẹ̀ ti mọ́ra láti ọjọ́ pípẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí òun bá sọ lè má yé aládùúgbò òun, nítorí náà ó mọ ọ̀rọ̀ tí ó lè ré kọjá òkè yàtọ̀ sí èyí tí yóò kú sílé.

Ìdánwò náà kò ní wàhálà. Kí a mú ọ̀rọ̀ tuntun lọ sí ìdí ọpọ́n, kí a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí eré bá gbóná, kí a sì dákẹ́. Bí ó bá di ọ̀la, tí ọ̀ta kan sì fi ọ̀rọ̀ náà bú ọ̀pẹ kan, tí àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín láìbèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè fi ṣe ẹ̀fẹ̀, inú ìwé ni yóò máa gbé. Ọ̀mì kọjá láti orí ọpọ́n dé orí pápá lọ́nà bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdí tí àfọwọ́fà kò fi lè ti Ọ̀kà gun ọkọ̀, kí ó gba Àkùngbá, kí ó sì dé Ìkàrẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.